Ìwé Oníbàárà: Bí Òwò Kékeré Ṣe Ń Rìn Láìgbára Lé Sóṣíà Mídíà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù eléèédú, lẹ́yìn náà àwọn aṣọ tó ti parí tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Ohun tó ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì: ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, tí etí rẹ̀ ti ká, tí epo ẹ̀rọ ti ta sí lára. Ìwé ìwọ̀n ni.

Ojú ewé kan nínú rẹ̀ lè rí báyìí. Orúkọ wà lókè, nọ́ńbà fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ wọn ni ìwọ̀n: èjìká 18, àyà 42, ọwọ́ 24, gígùn bùbá 32, ìbàdí 38, gígùn ṣòkòtò 41. Ẹni náà ti sanra sí i, torí náà wọ́n ti fi bírò pupa fa igi sí àyà 42, wọ́n kọ 44 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Etí ewé ni ohun tí tépù kò lè wọ̀n wà: “kò fẹ́ kí ọrùn fún òun,” “àpò méjì,” “ìyàwó rẹ̀ ló ń ra aṣọ,” “ọmọ mẹ́ta, ọkùnrin méjì.” Nísàlẹ̀ ni ọjọ́ tó ránṣọ gbẹ̀yìn àti iye tó san.

Bí ẹni yìí bá kó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn tàbí Abuja, òwò àárín wọn kò parí. Á ra aṣọ níbi tó wà, á fi rán dírẹ́bà ní gáréèjì, á pe ọ̀gá lórí fóònù. Ìwọ̀n ti wà nílẹ̀. Òwò tó bá ní irú ìwé yìí kì í jí láràárọ̀ kó máa wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Gbogbo bí ṣọ́ọ̀bù kékeré ṣe lè dúró láìjẹ́ pé ọlọ́jà ń gbé àwòrán sórí ayélujára lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: orúkọ àwọn tó ń rà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

“Oníbàárà” fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń rà nìkan. Ìyá alátà á pe ẹni tó ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ ní oníbàárà òun, ẹni yẹn náà á sì pe ìyá alátà ní oníbàárà òun. Àwọn méjèèjì ló ní ara wọn. Ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan tó sì bá tirẹ̀ lọ kò tíì dé ibẹ̀.

Orúkọ tó wà lórí Facebook tàbí Instagram yàtọ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa tẹ̀ lé ojú ewé òwò kan níbẹ̀, kí olówò má sì ní nọ́ńbà ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì ló ń pinnu ẹni tó máa rí ohun tí olówò gbé síbẹ̀. Ní January 2018, Facebook kéde pé ohun tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá gbé jáde ni yóò máa ṣíwájú, pé ti àwọn ojú ewé òwò yóò dínkù. Ní October 4, 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti June 2021 títí di January 2022. Nígbà tó di January 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, tún fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó ìpè àti dátà. Kò sí ọlọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ kankan tó lè yí ọ̀kan nínú ìpinnu wọ̀nyí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé inú dúrọ́ọ̀ kò pàdánù orúkọ kan nítorí wọn.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ náà ló máa di fóònù mú. Wákàtí 2 tí wọ́n fi ya fídíò, tí wọ́n tún fi ń wò ó bóyá àwọn èèyàn ti dáhùn, ara aṣọ ẹnì kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó dunni láti rí ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa, tí ìrán rẹ̀ mọ́, tó ń rò pé òun ti kùnà torí pé àwọn èèyàn kò kí àwòrán òun.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òótọ́ sì ni. Àmọ́ àgúnmu kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ wo ẹni tó ń kiri àgbàdo sísè: “Láńgbé jinná o!” Bó bá ń gba àdúgbò kan náà kọjá ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọdé á ti máa fi àwo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kó tó yọ. Igbe rẹ̀ lọ́jọ́ náà kọ́ ló mú ọmọ yẹn jáde, wákàtí rẹ̀ tí kì í yẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí lásìkò, tó sì ń fi aṣọ lélẹ̀ lọ́jọ́ tó dá. Àìmú ọjọ́ ṣẹ ń lé oníbàárà aránṣọ ju owó gọbọi lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ àtijọ́ lọ síbi ìgbéyàwó rí nítorí télọ̀ mọ bó ṣe rí lára.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í jókòó ṣe é. Ká ní aránṣọ kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ lè parí aṣọ 5 lọ́sẹ̀ kí iṣẹ́ má sì bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ 2 sinmi lọ́dún, ọ̀sẹ̀ 50 ló kù, aṣọ 250 nìyẹn. Ẹ wá mú ìdílé kan tó ń rán aṣọ 5 lọ́dún: ti Iléyá tàbí ti Àjíǹde, ti Kérésìmesì, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ, aṣọ ẹbí kan tàbí méjì. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ 50 ti gba gbogbo ọwọ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà ní. Àádọ́ta péré! Wọ́n lè má kún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Bí 10 nínú wọn bá ń lọ lọ́dọọdún, bóyá wọ́n kó kúrò nílùú, bóyá àbúrò wọn kọ́ṣẹ́ télọ̀, ìdílé 10 ni ṣọ́ọ̀bù ní láti rí rọ́pò wọn. Kò tó ẹyọ kan lóṣù. Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ìpolówó ojoojúmọ́ sí gbogbo ayé ṣe?

Aṣọ ẹbí ló ń kó àwọn tuntun wá jù. Bí ìdílé kan bá gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó wá, èèyàn 20 lè dúró fún ìwọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀pọ̀ wọn má sì tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà rí. Aránṣọ kan á kọ ìwọ̀n wọn sórí pépà, á ju pépà nù lẹ́yìn ayẹyẹ. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Bí iṣẹ́ kan ṣe di orúkọ 20 nìyẹn. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Èènì náà ń ṣe ju bí wọ́n ṣe ń rò lọ: fìlà kékeré fún ọmọ láti ara aṣọ tó ṣẹ́kù, bọ́tìnnì tó já tí wọ́n dá padà láìgbowó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ti ní ohun tó máa sọ bó bá délé. Ọmọṣẹ́ tó bá gba ìwé ẹ̀rí tó sì lọ ṣí tirẹ̀ ń gbé orúkọ ọ̀gá lọ sí àdúgbò mìíràn. Pátákó tó hàn kedere, tí nọ́ńbà orí rẹ̀ kì í yí padà, ń ṣe tirẹ̀. Fífi ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù Google dára, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba pé kí èèyàn máa kọ nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá di ohun ńlá bíi kíkó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun, ìkéde ní Yorùbá lórí rédíò Ajílété FM tàbí Parrot FM ń dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí kò ní fóònù ìgbàlódé.

Ìwé kì í dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣí i. September ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun. Iléyá kì í dúró sójú kan, torí pé oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti èṣí lọ: June 16 ni ní 2024, June 6 ní 2025. Aránṣọ tó ń fi ti èṣí wọn ti ọdún yìí á rí i pé iṣẹ́ ti ya lù ú. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ni ó yẹ kí ọ̀gá jókòó ti ìwé nírọ̀lẹ́, kó máa pe èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Iléyá ti ń kanlẹ̀kùn o. Ọmọ yín ọkùnrin á ti ga ju ṣòkòtò èṣí lọ, ẹ jẹ́ kó yà kí n tún un wọ̀n.” Ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ báyìí mọ̀ pé òun lẹni tí wọ́n rántí.

Ẹni tí orúkọ pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ lè lo àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, bí kò bá sí àmì lórí wọn. Bí wọ́n bá ti fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn sí i, lẹ́tà 70 péré ni yóò gbà, ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan á sì di méjì tàbí mẹ́ta, owó á gùn ún. Kò yẹ kí èdè wa máa san owó lé orí àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kà á nìyẹn, ẹni tó fẹ́ ṣọ́ owó ná yóò kọ ọ́ láìsí àmì. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ó fẹ́ gbà á. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ń ṣọ́ nọ́ńbà yẹn, àti pé ẹni tó fún télọ̀ ní nọ́ńbà kò sọ pé kó fún ẹlòmíì.

Owó irú òwò yìí ń wọlé bí ìgbì, ó ń pọ̀ ní Iléyá àti December, ó ń gbẹ ní February. Àsansílẹ̀ ìdajì ló ń ra òwú àti aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sínú. Àwìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé oníbàárà ló yẹ kó wà, kó má wà lórí ìrántí. Èyí tó kù, alájọ ni. Ẹni tó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, ₦30,000 ni yóò gbà, alájọ á mú owó ọjọ́ kan. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀gá lè san owó ṣọ́ọ̀bù ní oṣù gbígbẹ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa pariwo lórí ayélujára.

Olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin kò lè kọ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀, wọn kò ní pẹ́ kí wọ́n tó lọ. Dírẹ́bà ni oníbàárà rẹ̀. Ẹran méjì tí wọ́n fi kún ọkà dírẹ́bà láìgbowó, èrò 14 ni ọkọ̀ rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ síwájú ìkòkò. Orúkọ dírẹ́bà 15 àti ọjọ́ tí oníkálukú wọn ń kọjá ni ìwé rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ orí ló wà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Under-G, tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH nìkan ló ń rajà níbẹ̀, ní ìṣòro mìíràn: bí wọ́n bá lọ sí ìsinmi, ọjà dákẹ́, bí wọ́n bá sì parí ẹ̀kọ́, wọn kì í padà mọ́. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nílò ojúlé mélòó kan láàárín àwọn ọmọ onílùú.

Iṣẹ́ tí èyí kò bá mu wà, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Àwọn tó ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, aládùúgbò wọn kì í ra igbá fínfín lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún. Òkèèrè ni olùrà wọn wà, àwòrán orí ayélujára sì ni ìsọ̀ tí òkèèrè lè rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá rà lẹ́ẹ̀kan láti fi ta èèyàn lọ́rẹ lè tún fẹ́ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Orúkọ rẹ̀ yẹ nínú ìwé.

Ìwé náà lè ṣòfò. Iná jó ọjà Akẹ́sàn ní Ọ̀yọ́ ní January 2020. Ọlọ́jà tó bá jẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ nìkan ni oníbàárà mọ̀, irú iná bẹ́ẹ̀ á mú ọjà lọ, á tún mú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà wà nílé.

Bí ìwé bá kún, wọ́n á ra tuntun. Ọmọṣẹ́ á máa pe orúkọ láti inú ti àtijọ́, ọ̀gá á máa kọ ọ́ sínú tuntun. Wọ́n á dé orúkọ kan, ọ̀gá á dáwọ́ dúró. Ẹni yìí rán agbádá ní 2023, kò sì yọjú mọ́. Ṣé a já a kulẹ̀ ni? Ṣé ó ti kó lọ? Wọn kò ní kọ orúkọ náà kọjá, wọn kò sì ní tíì fa igi sí i. Ọ̀gá á ní kí ọmọṣẹ́ dúró ná, á na ọwọ́ mú fóònù.