Àpá Tó Di Ìwé Ìwọlé

Bí ìyá àgbà bá wà nílé yín, ẹ wo òkè apá wọn. Àpá róbótó tó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti abẹ́rẹ́ ṣàǹpọ̀nná. Kí yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tó dé, irú àpá yẹn làwọn aláṣẹ máa ń wò lára ẹni tó bá fẹ́ wọlé lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn.

Àjẹsára ṣàǹpọ̀nná tí dókítà Edward Jenner bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1796 máa ń fi àpá sílẹ̀, kò sì ṣeé fi pa mọ́. Nígbà tí ṣàǹpọ̀nná ń jà káàkiri Amẹ́ríkà láti 1899 títí dé 1904, “Àpá rẹ dà?” di ìbéèrè nínú ọkọ̀ ojú irin, nílé ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́. Ní Maine, agégẹdú tí kò bá ní àpá kò gbọdọ̀ dé ibùdó iṣẹ́. Àwọn kan wá ń fi ásíìdì jó apá ara wọn kó lè jọ ojú abẹ́rẹ́. Àánú wọn ṣe mí. Ẹni tó lè jó ara rẹ̀ báyẹn, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Lọ́dún 1902, ìlú Cambridge ní Massachusetts pàṣẹ pé kí àgbàlagbà gba abẹ́rẹ́ tàbí kó san dọ́là 5. Dókítà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera ìlú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Pásítọ̀ Henning Jacobson nílé, ó ní òun á gún un lọ́fẹ̀ẹ́. Jacobson kọ̀. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé ní Sweden, abẹ́rẹ́ yìí fojú òun rí màbo. Lọ́dún 1905, adájọ́ 7 nínú 9 nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìlú láre. Wọn ò ní kí wọ́n dì í mú gún o. Owó ìtanràn ni wọ́n ní kó san. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló sọ àpá di káàdì. Yábàá, l’Ékòó wa níbí, ni ìgbìmọ̀ àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà tó ń wádìí ibà náà fìdí kalẹ̀ sí lọ́dún 1925. Adrian Stokes, ọ̀kan lára wọn, kó ibà náà, ó sì kú l’Ékòó ní 1927. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan, Asibi, ní Gold Coast (Ghana òde òní). Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler fi ṣe àjẹsára ní New York ní 1937. Ìwé ẹ̀rí àjẹsára náà wọnú òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951. Síbẹ̀, ní 2012, South Africa dá arìnrìn-àjò 125 láti Nàìjíríà padà nítorí káàdì yìí, kó tó wá tọrọ àforíjì.

Nígbà Kòrónà, Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ẹ̀rí àjẹsára lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ àwọn ibì kan ní February 2021. Ní November, Austria ní kí ẹni tí kò gbàjẹsára jókòó sílé. Ní 1 December, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú káàdì wá, tàbí àyẹ̀wò tí kò ju wákàtí 72 lọ. Àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ tán nígbà náà kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà. Àmọ́ ní Cambridge, dókítà ti kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Jacobson kí wọ́n tó ní kó sanwó.