Ibi tí kadhi aláìní-wàrà ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tí ó bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Amritsar, ìlú kan ní Punjab nílẹ̀ Íńdíà, pé òun fẹ́ se kadhi, ọbẹ̀ kíkan wọn, láìfi wàrà sí i, tí òun yóò sì yan pakora, àkàrà inú rẹ̀, dípò kí òun dín in, kí ó múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Inú wàrà ni wọ́n bí kadhi sí ní Punjab. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ọbẹ̀ yìí dé ìdí, ohun méjì ló gbé e ró: ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti kíkan. Wàrà kàn jẹ́ ọ̀nà tí kíkan náà gbà wọlé ni, nítorí pé òun ló wà nílé.

Ẹni tí ó bá rí kadhi lọ́ọ̀ọ́kán lè pè é ní gbẹ̀gìrì. Ìgbà tó bá kan ẹnu ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun. Chana, ẹ̀wà roboto tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe hummus, ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní besan. Wọ́n á po besan mọ́ wàrà kíkan àti omi, wọ́n á bu atalẹ̀ pupa sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pakora, ìyẹn àlùbọ́sà, pòtétò tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi besan pò tí wọ́n sì dín, ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀ bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n jẹun. Ìrẹsì ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ odò márùn-ún ni Punjab: Jhelum, Chenab, Ravi, Beas àti Sutlej. Màlúù àti ẹfọ̀n ilé pọ̀ níbẹ̀. Lálẹ́, ìyàwó ilé á bu ìwọ̀nba wàrà àná sínú tuntun kí ó lè dì; bí ilẹ̀ bá mọ́, á máa gbo ó títí bọ́tà á fi léfòó. Bọ́tà yẹn ni wọ́n ń yọ́ di ghee, omi kíkan tó kù ni lassi. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mímu ni wọ́n ń mu lassi. Bó bá di ọjọ́ kejì, pàápàá lásìkò ooru, kíkan rẹ̀ á ti kọjá mímu. Ta ni yóò dà á nù?

Ìṣòro kan ni pé wàrà kíkan kò bá iná rẹ́. Bó bá gbóná, ńṣe ló máa ń já: kókó á lọ lọ́tọ̀, omi á lọ lọ́tọ̀. Besan ló yanjú èyí. Bí iná bá ti mú un, á wú, á ki, á sì há sáàárín àwọn kókó wàrà kí wọ́n má baà so mọ́ra. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń se kadhi kì í fi í gbé ọwọ́ kúrò lára ṣíbí títí ọbẹ̀ yóò fi hó lẹ́ẹ̀kínní. N kò gbà pé ẹnì kan jókòó dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọbẹ̀ àìfẹ́-ṣòfò ni, irú rẹ̀ kì í ní orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sè é.

Wàrà ti pẹ́ lágbègbè yẹn. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde jáde lórí àpáàdì tí wọ́n hú ní Kotada Bhadli ní Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 4,500 ọdún; wọ́n bá ọ̀rá wàrà lára rẹ̀. Ìhà Tọ́kì òní ni chana ti rìn wá. Ata ló dé gbẹ̀yìn. Àwọn Potogí, tí ọkọ̀ Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí Calicut ní 1498, ló kó o wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú kadhi èyíkéyìí tí wọ́n sè ṣáájú ìgbà náà, ata wa yìí kọ́ ló ń ta ènìyàn lẹ́nu. Iyèré ilẹ̀ Íńdíà àti atalẹ̀ ni.

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Ní Gujarat ó máa ń ṣàn, wọ́n sì ń fi ṣúgà dúdú sí i. Ti Punjab ki, ó kan, ó sì ní pakora. Sindh, ẹkùn tó múlé gbe Gujarat, ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀, wọn kì í fi wàrà sí i rárá! Wọ́n á yan besan nínú òróró títí òórùn dídùn rẹ̀ á fi gba ilé kan, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi omi ajàgbọn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tsamiya, mú un kan. Ilá, pòtétò àti èso mòríńgà tútù á tẹ̀lé e. Kadhi ni wọ́n ń pe èyí náà, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ní 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ mọ́, Cyril Radcliffe, agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì kan, fa ìlà la Punjab sí méjì: Lahore bọ́ sí Pakistan, Amritsar bọ́ sí Íńdíà. Sindh lọ sí Pakistan lódindi. Àwọn tó ṣí kúrò nílé ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ọ̀pọ̀ ará Punjab kún Delhi. Ọ̀pọ̀ Sindhi ẹlẹ́sìn Híńdù gba ìhà Mumbai lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí àgọ́ tó di ìlú Ulhasnagar. Ọwọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ wọn dé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn kò kù sẹ́yìn. Àwọn Sindhi kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa: ìdílé Chellaram tí àwọn ará Èkó mọ̀, Sindhi ni wọ́n, 1923 ni wọ́n sì ti ń ṣòwò l'Ékòó.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń yọ wàrà kúrò nínú ti Punjab lónìí? Àwọn kan kò fẹ́ jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá, àṣà tí Donald Watson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ ní England ní 1944. Ti àwọn mìíràn, inú ni kò gbà á. Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera wa, wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde ní 1971: wọ́n rí i pé ikùn ọ̀pọ̀ jùlọ àgbàlagbà Yorùbá kò lè da ṣúgà inú wàrà, nígbà tí ti Fúlàní darandaran gbà á dáadáa. Ara àwọn ará àríwá-ìwọ̀-oòrùn Íńdíà gba wàrà ju ti gúúsù lọ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ gbà á ló fi wàrà se kadhi. Èmi kò rí ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Lóòótọ́, wàrà tó ti kan kì í ni inú lára tó wàrà tútù, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń bọ́.

Ẹ̀pà, kajú tàbí sóyà ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Àwọn kan ní Íńdíà máa ń ju ìdí ata tútù sínú wàrà ẹ̀pà lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó kan mọ́jú, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ń gbé lára rẹ̀. Sóyà ni mo fara mọ́ jù, bí kò bá ti ní ṣúgà nínú. Àgbọn máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ife kan sóyà kíkan, ìdá kan nínú mẹ́rin ife besan, ife omi mẹ́ta. Bí kò bá kan tó, kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Pakora yíyan ni kò ní ìtàn ní Punjab. Tandoor ni ààrò wọn, roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Nínú òróró gbígbóná, omi inú pakora ń sá jáde, ihò tó fi sílẹ̀ ni kadhi ń gbà wọlé. Èyí tí a yan kì í ní ihò tó bẹ́ẹ̀, ó lè le bí òkò. Kí a gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, kí a fi iyọ̀ pa á títí omi rẹ̀ á fi jáde, kí omi yẹn náà po besan, kí a sì fi sódà oúnjẹ (baking soda) díẹ̀ sí i. Kí a fi òróró pa á lára, kí a yan án ní 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, kí a yí i padà láàárín. Ìṣẹ́jú 10 ṣáájú oúnjẹ ló tó láti jù ú sínú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òróró ìkẹyìn, tadka: kí a jẹ́ kí òróró gbóná, kí a da hóró methi (fenugreek), ata gbígbẹ àti hing, oje gbígbẹ olóòórùn líle kan, díẹ̀ sí i, kí a sì yí i dà sórí kadhi bó ti ń han. Òróró tí mo yọ kúrò lára pakora, ibí yìí ni mo ti máa ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀.