Oúnjẹ, ohun mímu àti ìṣe ojoojúmọ́ tó ń ba eyín jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Oríṣiríṣi ohun tí ènìyàn ń jẹ, tó ń mu, tàbí tó ń fi eyín ṣe lójoojúmọ́ ló lè mú kí eyín lu ihò, kó kán, kó jẹ tín-ín-rín tàbí kó pa àwọ̀ dà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, súìtì ọmọdé ni ọ̀pọ̀ òbí ń nàka sí, ṣùgbọ́n mínírà, gaàrì oníṣúgà, dòdò Ìkirè, àgbálùmọ̀, obì àti ìdérí ìgò náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àgbàlagbà ló sì ń lo púpọ̀ nínú wọn.

Bí eyín ṣe ń bàjẹ́

Awọ funfun tó bo òde eyín ló le jù lọ nínú ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ jẹ́ èròjà aláìlẹ́mìí bíi kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì. Síbẹ̀, bí ó bá ti kán tàbí tó ti yọ́ lọ, ara kì í hù ú padà. Ásíìdì, èròjà kíkan, ló ń yọ́ ọ. Bí pH inú ẹnu, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí i ni nǹkan ń kan sí i), bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 5.5, awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù èròjà rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ásíìdì sábà máa ń gbà dé ẹnu. Ó lè wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀, bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ eyín, èyí tí Streptococcus mutans jẹ́ ọ̀kan lára wọn: wọ́n ń jẹ ṣúgà tó bá kù sẹ́nu, ásíìdì ni wọ́n sì ń yọ jáde. Àwọn tó ń ta egbòogi máa ń sọ pé kòkòrò tó ń rákò ló ń gbẹ́ ihò sínú eyín. Kò sí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Bakitéríà kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Itọ́ ló ń tún nǹkan ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ń ṣan ásíìdì kúrò, ó sì ń dá èròjà padà sára eyín, iṣẹ́ tó lè gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí iye ìgbà tí ṣúgà kan ẹnu fi ṣe pàtàkì ju bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó mu ìgò mínírà kan tán lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán kò pa eyín rẹ̀ lára tó ẹni tó gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń fi í tọ́ ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú. Òru tún burú jù, torí itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sun nígbà tí ènìyàn bá ń sùn. Ọmọ tí a fi ìgò mílíìkì sí lẹ́nu títí tó fi sùn lọ lè pàdánù eyín iwájú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ohun mímu

pH mínírà aláwọ̀ dúdú sábà máa ń wà ní nǹkan bí 2.5. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní ṣúgà kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ti ásíìdì. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kì í ṣe ọtí ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iye náà kéré débi pé kò jọ pé ó lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Zóbò náà kan gan-an, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á bí ohun tó ń ṣe ara lóore: òdòdó ìsápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe é kan látilẹ̀wá, ṣúgà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì tún ń wọ inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ń kàwé mọ́jú máa ń mu ohun mímu amúnilágbára. Ìyẹn ní ásíìdì àti ṣúgà pọ̀, òru ni wọ́n sì ń mu ún.

Gaàrì tí wọ́n rẹ sómi pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà kò léwu tó mínírà bí a bá mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi omi lásán yọ ẹnu. Ẹmu máa ń dùn ní àárọ̀, á sì máa kan sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Oúnjẹ

Ohun tó ń lẹ̀ ló ń pẹ́ lára eyín. Dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rá tí wọ́n fi ata àti epo pupa dín, ń bọ́ sí kòtò eyín ọwọ́ ẹ̀yìn, ahọ́n kì í sì í lè yọ ọ́. Bisikíìtì àti búrẹ́dì funfun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbálùmọ̀, tó máa ń kún ọjà láti nǹkan bí oṣù Kejìlá, ní ásíìdì. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹtúnjẹ á mọ̀ ọ́n lára nígbà tí eyín bá kan. Òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fadà àti ẹ̀wà tí wọn kò ṣà dáadáa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ásíìdì rárá: ó lè la eyín sí méjì lójú ẹsẹ̀.

Obì, orógbó àti tábà

Ilẹ̀ Ifẹ̀ ń so obì, obì kì í sì í wọ́n níbi ìkómọ, ìgbéyàwó tàbí níwájú òrìṣà. Obì àbàtà (Cola acuminata) ni ti ètùtù. Gbànja (Cola nitida) ni àwọn tó ń rún un láti lé oorun sábà máa ń jẹ. Kò sí ṣúgà tó tó nǹkan nínú méjèèjì, nítorí náà a kò lè ka ihò eyín sí wọn lọ́rùn. Àwọ̀ ni wọ́n ń kùn sára eyín, dókítà eyín sì lè há a kúrò. Orógbó le ju obì lọ; ewu rẹ̀ ni kí ẹni tí eyín rẹ̀ ti ní ihò fi tipátipá fọ́ ọ. Sìgá àti aṣáà ló burú jù nínú gbogbo wọn: wọ́n ń mú kí ẹran ìdí eyín jẹrà, kí eyín mì, wọ́n sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Eyín gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́

Fífi eyín ṣí ìgò bíà, fífọ́ ẹ̀kùrọ́, bíbó ìrèké àti rírún yìnyín wọ́pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ní tirẹ̀: télọ̀ ń fi eyín gé òwú, oníṣẹ́ iná ń fi bó wáyà, onídìrí sì ń fi ya píìnì irun. Àwọn kan máa ń payín keke lójú oorun láìmọ̀, èyí tó ń jẹ orí eyín lọ títí yóò fi pẹlẹbẹ. Àwọn mìíràn ń pọ́n eyín iwájú láti ní èjí, torí ẹwà ni Yorùbá ka èjí sí. Èjí àbímọ́ kò léwu, ṣùgbọ́n àpọ́n ń bó awọ òde, eyín á sì máa ta sí omi tútù.

Ìfọyín tó ń ṣèpalára

Pákò, bíi orin ata àti orin ayín, ń fọ eyín dáadáa bí a bá rún orí rẹ̀ kó rọ̀. Fífi agbára há a síwá-sẹ́yìn ló ń lé ẹran ìdí eyín sẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì tó le náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èédú àti yanrìn ń ha eyín. Kò yẹ kí ènìyàn fọ eyín lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ohun kíkan tàbí èébì, torí awọ òde ṣì rọ̀ nígbà náà.

Tetracycline, oògùn kan tó ń pa bakitéríà, yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Bí aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá lò ó, inú eyín ọmọ tó ń hù lọ́wọ́ ló ń kùn ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò.

Ìtọ́jú

Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní Ilé-Ifẹ̀. Ihò kékeré ṣeé dí. Èyí tó ti dé ibi iṣan gba pé kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò kí wọ́n tó dí i, tàbí kí wọ́n yọ eyín náà. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ da ògógóró tàbí omi bátìrì sínú ihò láti pa ìrora. Ásíìdì ni omi bátìrì. Ó ń jó ẹran ìdí eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń yọ́ eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń dunni.