Iyán ni àbí ẹ̀kọ? Àlàyé lórí synchronous àti asynchronous

Ní ọdún 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé ká gbogbo wa mọ́lé, ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ àwa olùkọ́ bí a ṣe ń fi ayélujára kọ́ni: synchronous àti asynchronous. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń kọ́ni ní agbègbè Ìjerò pè mí, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé orúkọ oògùn Kòrónà ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ìyà ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀, ìyà àti owó dátà.

Èkìtì là ń gbé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú àlàyé wa láti ilé ìdáná. Iyán kì í dúró de èèyàn. Bí odó bá ti dákẹ́, tí iyán ti wà nínú abọ́, tí ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, iyán tó ti le ló máa bá. (Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òwe nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́.) Ẹ̀kọ ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pọ́n ọn sínú ewé láti àárọ̀. Ọmọ tó bá tètè dé á tú tirẹ̀ ní agogo méjì, bàbá tó re oko á tú tirẹ̀ lálẹ́, ẹnikẹ́ni ò dúró de ẹnìkejì, ẹ̀kọ náà ò sì bàjẹ́.

Synchronous ni iyán. Òun ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jọ wà nídìí rẹ̀ lásìkò kan náà. Ibi tí kálukú jókòó sí lè yàtọ̀, kí olùkọ́ wà ní Adó, kí ọmọ wà ní Òmùò, ṣùgbọ́n agogo kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Kíláàsì orí Zoom, ìpè fóònù, àti kíláàsì oní-pátákó tí gbogbo wa bá láyé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Asynchronous ni ẹ̀kọ. Olùkọ́ á ṣe tirẹ̀ nígbà tó bá ráyè, á gbé e kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá bá a níbẹ̀ nígbà tí òun náà bá ráyè. Fídíò tí a ti gbà sílẹ̀, ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, iṣẹ́ tí a gbé sínú Google Classroom, ìwé tí a tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹ̀kọ sọ́tọ̀ sí ẹ̀kọ́. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, èdè ló ṣe é. Èmi máa ń pe ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀kọ́ àjọpàdé, mo sì ń pe èkejì ní ẹ̀kọ́ àfisílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ àsìkò ni mò ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Àfisílẹ̀ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ Babalọla, àgbà agbẹjọ́rò ọmọ Adó-Èkìtì, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló parí ní èwe rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí Wolsey Hall ń fi ránṣẹ́ láti Oxford nípasẹ̀ ìwé ló fi tẹ̀ síwájú títí tó fi gba ìwé ẹ̀rí Cambridge, lẹ́yìn náà ó gba oyè nínú ètò ọrọ̀-ajé àti nínú òfin láti Yunifásítì London. Olùkọ́ tó kọ àlàyé yẹn lè ti sùn lọ fọnfọn ní ìlú òyìnbó nígbà tí ọmọ Adó ń ṣí àpò ìwé. Òun ló padà wá dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 2009. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́, ẹ bi í bóyá ó ti dé Adó rí.

Nígbà tí Kòrónà wọ Èkìtì ní oṣù kẹta 2020, tí ìjọba sì ní kí gbogbo ilé-ìwé tì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni láti gbé iyán lọ sórí fóònù. A mú ètò kíláàsì bó ṣe rí: agogo mẹ́jọ ìṣirò, agogo mẹ́sàn-án Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ lórí Zoom. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo tiẹ̀ wé gèlè. Nínú ọmọ tó lé ní ogójì, mẹ́fà ló wọlé. Àjà ilé nìkan la rí lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn gbàgbé láti pa ohùn tirẹ̀, gbogbo wa sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, ìpàdé tú ká fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ là ń lò, ogójì ìṣẹ́jú sì ni Zoom ń fún ẹni tí kò sanwó. Mi ò tíì débi àpẹẹrẹ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ mi kúkú ni. Ìpàdé Zoom tí èrò pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n tan kámẹ́rà, lè jẹ láti bíi 810 MB dé 2.4 GB ní wákàtí kan, bí àwòrán fídíò náà bá ṣe mọ́ kedere tó. Ohùn oníṣẹ́jú mẹ́wàá lórí WhatsApp kì í sábàá ju 2 MB lọ. Kíláàsì kan lè gbé 1 GB mì. 1 GB kan náà lè gba ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fún odidi sáà kan, kí èyí tí ọmọ máa fi wo àwàdà sì tún ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n dátà kọ́ ló wúwo jù. Ta ló ni fóònù? Ìbéèrè yẹn ni àwọn tó ń kọ́ wa ní Zoom kò bi wá. Ìyá ọmọ kan pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì:

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọwọ́ bàbá wọn ni fóònù wà, wọ́n sì ti lọ sóko. Tí wọ́n bá dé lálẹ́, ọmọ yín á ṣe é.”

Mo bi í pé agogo mélòó ni wọ́n máa ń dé. Ó ní bí agogo méje, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì wà, torí inú àfonífojì ni ilé wọn wà, ó dìgbà tí ọmọ bá gun àpáta ẹ̀yìnkùlé kí nǹkan tó wọlé. Òkìtì tí wọ́n ní ó fún Èkìtì lórúkọ náà ló ń dínà mọ́ ìgbì tó ń bọ̀ láti orí òpó. Nínú ilé yẹn, ọmọ mẹ́ta ló ń du fóònù kan: ọ̀kan ní JSS2, ọ̀kan ní SS1, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi ní SS3. Bí olùkọ́ mẹ́ta bá pe kíláàsì àjọpàdé lágogo mẹ́jọ, méjì nínú wọn ti pàdánù ọmọ kí wọ́n tó lanu. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ á tò ó tẹ̀lé ara wọn lálẹ́, ẹ̀gbọ́n á dúró kí àbúrò tètè ṣe tirẹ̀ kó lọ sùn. Ibẹ̀ ni asynchronous ti yé mi.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Ibo ni ká fi ìyẹn sí? Ọ̀pọ̀ á ní àfisílẹ̀ ni, torí ọmọ ò lè dá olùkọ́ inú rédíò lóhùn. Mi ò gbà. Àjọpàdé ni, àjọpàdé tí etí ẹnìkan di. Bí iná bá lọ nígbà tí ìṣirò ń lọ lọ́wọ́, ìṣirò ti lọ nìyẹn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò jẹ dátà, bátìrì méjì tó o, ó sì ń dé abúlé tí Zoom ò lè dé. Ẹnìkan nínú àwọn òbí wa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó gba ètò náà sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Obìnrin yẹn sọ iyán di ẹ̀kọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo jáwọ́ nínú Zoom. Mo máa ń fi máákà dúdú kọ ìṣirò sórí bébà funfun, kì í ṣe bírò, torí bírò kì í hàn bí WhatsApp bá ti fún àwòrán náà pọ̀. Mo máa ń ya á lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà màá fi ohùn tẹ̀lé àwòrán kọ̀ọ̀kan, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé “Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé, apá kìíní nínú mẹ́ta”, kí ẹni tó bá dé lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, tó bá ọgọ́rin ìránṣẹ́ níwájú rẹ̀, lè mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó gbà mí lákòókò jù ni ẹnu ara mi. Nínú kíláàsì, màá na ṣọ́ọ̀kì sí pátákó, màá ní “ẹ gbé èyí wá síbí”, gbogbo ojú á tẹ̀lé ọwọ́ mi. Nínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́, kí ni “èyí”? Ibo ni “ibí”? Ọmọ kan kọ̀wé sí mi pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni èyí?” Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á, mo ti pe “èyí” nígbà mọ́kànlá. Àfisílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró, torí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ láti tún un sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe nǹkan lórúkọ: “nọ́ńbà 7 tó wà ní ìlà kejì.” Mo rò pé ó ti sọ mí di olùkọ́ tó dára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi sínú gúrúùpù. Ọ̀kan ṣe é, ogún dà á kọ, àṣìṣe kan náà ní ìlà kan náà. Ni mo bá ní kí kálukú máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ìyẹn náà mú wàhálà tirẹ̀ wá, torí ẹ̀kọ́ tí kò ní agogo kò ní agogo fún olùkọ́ náà. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè lágogo mọ́kànlá òru. Ọkọ mi ní kí n lọ fẹ́ WhatsApp.

A wá dá a pọ̀. Láti agogo mẹ́jọ sí mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, nígbà tí fóònù bàbá ti dé láti oko, gbogbo wa á wà lórí gúrúùpù. Mi ò ní kọ́ wọn ní nǹkan tuntun, ìbéèrè nìkan ni, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́, kò ní sí fídíò. Ohun tí ọmọ lè dá gbọ́, mo fi sílẹ̀ láàárọ̀. “Mà, kò yé mi” ni mo tọ́jú de ìdajì wákàtí náà. Àwọn onímọ̀ ń pe irú àdàpọ̀ yìí ní blended. Èmi rí i bí ẹni tó tú ẹ̀kọ, tó wá gbọ́n ọbẹ̀ gbígbóná lé e.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àfisílẹ̀ ò sì ní ojú. Nínú kíláàsì mo mọ ọmọ tó ń mi orí tí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Lórí WhatsApp, àmì méjì á yí padà sí búlúù, ìyẹn ni pé fóònù ti ṣí i. Ọmọbìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, búlúù sì ń yọ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣí i, òun ti ń bá ìyá wọn ta ẹ̀pà ní ọjà. Àwọn ọmọ kéékèèké tún wà, àwọn tí wọn ò tíì lè jókòó fúnra wọn. Ẹ ò lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Òbí lẹ fi í sílẹ̀ fún, bí òbí yẹn bá mọ̀wé, bó bá sì ráyè.

Ní ti àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ọyẹ́, ọ̀rọ̀ àjọpàdé àti àfisílẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wáyé, torí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kẹta yẹn kan náà, oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ tí kò pariwo: ní oṣù karùn-ún 2020, Gómìnà Fayemi dín owó tí àwọn tó ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń san ní Èkìtì kù láti ₦4,500 sí ₦145 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Wáyà kì í dé àfonífojì lọ́jọ́ kan, àmọ́ bó bá dé, iyán á rọrùn í gbé kiri ju ti ìgbà yẹn lọ.

Àwọn SS3 ló kọ́kọ́ padà wọlé, nítorí ìdánwò àṣejáde WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. A fi ìbòmú bo ẹnu, àga jìnnà síra. Mo kọ ìṣirò kún pátákó, mo ṣàlàyé rẹ̀, inú mi ń dùn pé mo tún rí ojú. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè.

“Mà, ṣé ẹ lè fi èyí ránṣẹ́ sí wa lálẹ́?”

Mo ní ṣebí èmi fúnra mi rèé níwájú ẹ.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò ṣeé dá padà sẹ́yìn.”

Mo fi ránṣẹ́ lágogo mẹ́jọ.