Ẹ̀bùn owó Wimbledon kì í ṣe owó oṣù: ohun tó ń wọ àpò eléré tẹníìsì gan-an

Bí Wimbledon, ìdíje tẹníìsì ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, bá ti ń kanlẹ̀kùn, iye owó tí wọ́n fẹ́ pín níbẹ̀ ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn kan. Ní 2025, £3,000,000 ni ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ mú lọ. Ẹni tó fìdí rẹmi ní ìpele kìíní pàápàá gba £66,000. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, tí wọ́n á ní ọmọ tó bá ti lè di eléré tẹníìsì tó ń gbowó, kódà kó má mókè, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Àwọn òbí sì ń gbé ìpinnu ńlá lé ọ̀rọ̀ yìí lórí: wọ́n ń yọ ọmọ nílé ìwé, wọ́n ń kó owó tí wọ́n ti fi pamọ́ lé e lórí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá wo ìwé ipò àwọn ọkùnrin tí ATP, àjọ tẹníìsì àwọn ọkùnrin, ń gbé jáde, orúkọ bí 2,000 ló wà níbẹ̀, àwọn 128 péré ni Wimbledon sì ń gbà sínú ìdíje gangan. Ní 2013, ITF, àjọ tẹníìsì àgbáyé, ṣírò ìnáwó àwọn eléré, wọ́n sì rí i pé ọkùnrin tí kò bá sí lára àwọn 336 àkọ́kọ́ ń pàdánù owó ni. Fún àwọn obìnrin, 253 ni. Owó akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sí nínú ìṣirò yẹn o. Ní 2018, ìgbìmọ̀ olómìnira tó wádìí ìwà jìbìtì nínú tẹníìsì tún kan ibi kan náà: àwọn tó ń gbá a tó bí 15,000, àmọ́ àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kájú ìnáwó wọn kò ju bí 250 sí 350 lọ.

Ohun tó fà á ni pé eléré tẹníìsì kò ní ọ̀gá. Agbábọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Ẹgbẹ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún un, ẹgbẹ́ ló ní dókítà, bó bá sì fara pa, owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé. Eléré tẹníìsì dà bí oníṣòwò tó ń ná ọjà ìlú mìíràn: òun ló ń san owó ọkọ̀, òun ló ń san owó ìsọ̀, bí ọjà kò bá sì tà, owó ọkọ̀ kò ní padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń lo gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gbá a. M15 ni wọ́n ń pe ìdíje tó kéré jù fún ọkùnrin, W15 ni ti obìnrin. 15 yẹn dúró fún $15,000, ìyẹn gbogbo owó tí wọ́n máa pín fún gbogbo èèyàn tó wá, ti àwọn tó ń gbá a ní méjì-méjì wà nínú rẹ̀. Monastir ní Tùnísíà, Antalya ní Tọ́kì àti Sharm El Sheikh ní Íjíbítì wà lára ibi tó ti máa ń wáyé ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín in nìyí fún àwọn tó ń dá gbá: ẹni tó pàdánù ní ìpele kìíní, $156, ìpele kejì, $258, kọ́tà fáínà, $438, sẹmi fáínà, $752, ẹni tó ṣe ipò kejì, $1,272, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, $2,160. Ìpele ìpegedé, níbi tí àwọn tí ipò wọn kò tó ti ń já ọ̀nà wọlé, kò ní kọ́bọ̀ kankan.

Ká ní hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ ń gba $80 lójúmọ́. Ẹnì kan dé lọ́jọ́ Sátidé, ó borí nínú ìpegedé lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, ó pàdánù nínú ìdíje gangan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà sílé ní Ọjọ́rú. Ó ti sun alẹ́ mẹ́rin: $320 ló jáde, $156 ló wọlé, a ò sì tíì fẹnu kan owó ọkọ̀ òfurufú. Ó borí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, gbèsè ló gbé délé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi wọ ọkọ̀ òfurufú torí ìdíje kan ṣoṣo. Wọ́n á dúró sí ìlú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, wọ́n á pín yàrá pẹ̀lú ẹlòmíì, wọ́n á sì tún forúkọ sílẹ̀ fún eré oníméjì-méjì, torí ìwọ̀nba owó ibẹ̀ náà lè san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 ṣáájú ọjọ́ Ajé tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13 ṣáájú, ni àyè dópin fún ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Ibí yìí ló ti ń dun àwọn ọmọ Áfíríkà jù. Físà lè má tíì jáde nígbà tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, bí kò bá sì jáde mọ́, ìyọkúrò tó ti pẹ́ lè di owó ìtanràn. Ìdíje tó bá wáyé nítòsí wúlò gan-an fún wọn torí èyí, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Lagos Lawn Tennis Club ní Onikan: ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, kò sì nílò hòtẹ́ẹ̀lì bí ó bá ní ìbátan ní Èkó.

Ibi tí owó ti kéré tó báyìí náà ni àwọn oníjìbìtì tẹ́tẹ́ ti ń rí ẹni mú. Ẹni tó mọ̀ pé $156 ló ń dúró de òun, tí ẹnì kan wá ní òun á fún un ní ìlọ́po rẹ̀ láti pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan, wà nínú ìdánwò tí ẹni tó wà ní ipò 20 kò mọ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ìfòfindè títí ayé, orúkọ rẹ̀ á sì jáde sí gbangba. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ póìntì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ipò eléré, ló kàn. Nínú M15, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ ń gba póìntì 15, ipò kejì 8, sẹmi fáínà 4, kọ́tà fáínà 2, ẹni tó borí ìpele kìíní péré 1. Ẹ wá fi wé Wimbledon, níbi tí ẹni tó pàdánù ní ìpele kìíní ti ń gba póìntì 10. Ìyẹn ni pé ẹni tó borí lẹ́ẹ̀marùn-ún ní Monastir ní póìntì ju ẹni tí kò borí rárá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, síbẹ̀ owó ẹni ti Lọ́ńdọ̀nù ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgbọ̀n. Póìntì kọ̀ọ̀kan kì í sì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 52 lọ. Ohun tí eléré kó jọ lóṣù Kẹta ọdún yìí máa yọ kúrò lóṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, bí kò bá sì rí mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, kódà bí kò bá ṣe àṣìṣe kankan. Fún àwọn obìnrin, wọn ò tilẹ̀ ní gbé orúkọ wọn sínú ìwé ipò WTA, àjọ tẹníìsì àwọn obìnrin, àfi bí wọ́n bá ní póìntì nínú ìdíje mẹ́ta tàbí póìntì 10 lápapọ̀.

Owó gidi wà ní Grand Slam mẹ́rin, àwọn ìdíje tó tóbi jù nínú tẹníìsì: Australian Open, Roland Garros, Wimbledon, US Open. Nínú àyè 128 tó wà fún àwọn tó ń dá gbá, 104 ń wọlé nípa ipò wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, 16 ń wá láti ìpegedé, 8 ni wild card, ìyẹn àyè ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń fún ẹni tó bá wù wọ́n, tó sì sábà máa ń lọ sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Ìpegedé náà ní owó tirẹ̀. Roehampton ni wọ́n ti ń ṣe ti Wimbledon, ẹni 128 ló ń wọlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ ìdíje gangan. Ní Australian Open 2025, ẹni tó pàdánù ní ìpele kìíní ìpegedé gba A$35,000.

Ẹni tó wà ní ipò 150, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ló ń bọ́ ọ lọ́dún. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, pàápàá ìdíje Challenger, ìyẹn ìpele tó ga ju M15 lọ àmọ́ tí kò tó àwọn ìdíje ńlá, kàn ń san owó ara wọn ni. Ààlà tí èèyàn fi ń rí àyè nínú ìpegedé Grand Slam sábà máa ń wà ní ibi tí ipò 220 sí 240 wà. Póìntì tó ya ẹni tó wà ní 215 àti ẹni tó wà ní 255 kì í pọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan ni, àmọ́ èkíní máa rí owó ìpegedé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, èkejì kò ní rí i lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé kò sí ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ Sumit Nagal, ọmọ Íńdíà, fi èyí hàn kedere. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, òun ni ọkùnrin tó mókè jù nínú tẹníìsì orílẹ̀-èdè tó tóbi tó yẹn, ó sì wà lára àwọn 200 àkọ́kọ́ lágbàáyé, àmọ́ ó sọ fún àwọn oníròyìn pé nǹkan bí €900 ló kù nínú báńkì òun. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó já ọ̀nà wọ Australian Open láti ìpegedé, ó na Alexander Bublik tí wọ́n tò sí ipò 31 lára àwọn tí wọ́n kà sí alágbára jù nínú ìdíje náà, ó sì gba A$180,000 nígbà tó pàdánù ní ìpele kejì. Ní 2024 kan náà ó dé ipò 68. Nígbà tí póìntì wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 2025, ó jáde kúrò lára àwọn 100.

Iye tí wọ́n ń kéde kọ́ ló ń dé ọwọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára ẹ̀bùn owó àlejò kí wọ́n tó san án. $110,000 tí ẹni tó pàdánù ní ìpele kìíní US Open 2025 gba, $33,000 lè ti lọ nínú rẹ̀, àfi kó kọ ìwé owó orí lẹ́yìn náà láti gba díẹ̀ padà. Ní Britain, ìdá 20 ni. Lẹ́yìn èyí ni owó akọ́nimọ̀ọ́gbá: owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yàrá rẹ̀, àti ìdá kan nínú ẹ̀bùn owó bí wọ́n bá ṣe dúnàádúrà. Àwọn eléré méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní ìsàlẹ̀ máa ń pawọ́ pọ̀ gba akọ́nimọ̀ọ́gbá kan.

Okùn rákẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ owó ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Okùn polyester tí wọ́n ń lò kì í tètè já, àmọ́ ó máa ń dẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan tí wọ́n ti ń gbá a. Bó bá ti dẹ̀, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó bọ́ sínú pápá á máa fò kọjá ìlà ẹ̀yìn. Torí náà, rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ni wọ́n ń gbé wọlé, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù tuntun bá dé, ìyẹn lẹ́yìn géèmù méje àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní géèmù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Rákẹ́ẹ̀tì kan ń gba okùn bíi mítà 12. Róòlù kan jẹ́ mítà 200, ó tó rákẹ́ẹ̀tì bí 16. Ẹni tó bá ń so mẹ́ta fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á tán róòlù náà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, owó ẹni tó ń so ó sì tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbé róòlù tirẹ̀ dání, owó iṣẹ́ nìkan ló máa san.

Ṣé ilé iṣẹ́ tó ń polówó kò ní gbé e? Fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ 100, aṣọ, bàtà àti rákẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń rí, kì í ṣe owó. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là ni eré ẹgbẹ́ ní Yúróòpù: àwọn ẹgbẹ́ inú Bundesliga tẹníìsì ní Jámánì àti irú rẹ̀ ní Faransé àti Ítálì ń sanwó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yálà eléré borí tàbí kò borí.

Ìgbàgbọ́ kan tún so mọ́ eléyìí, pé yunifásítì ń ba iṣẹ́ eléré jẹ́. Òun náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, gbá a ní University of Houston kó tó na Guillermo Vilas, gbajúgbajà eléré ọmọ Ajẹntínà, ní Wimbledon 1983, tó sì dé ìpele kẹrin. Ipò 52 ló dé lágbàáyé ní 1984. Ben Shelton, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife ẹ̀yẹ NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fún University of Florida ní 2022 kó tó di eléré tó ń gbowó. Oyinlomo Quadre náà ti Nàìjíríà lọ sí Florida International University ní Miami. Níbẹ̀, ilé ìwé ló ń san owó akọ́nimọ̀ọ́gbá, okùn rákẹ́ẹ̀tì, ìrìn-àjò àti ìtọ́jú ara. Láti 2023 sì ni ATP ti ń fún àwọn 20 tó mókè jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní àyè sínú ìdíje Challenger, tó túmọ̀ sí pé wọ́n lè fo ọ̀pọ̀ oṣù M15 kọjá.

Àwọn aláṣẹ ti rí ìṣòro náà. Ní 2024, ATP bẹ̀rẹ̀ ètò Baseline, iye tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn nìyí: bí owó ọdún ẹni tó wà lára 100 àkọ́kọ́ kò bá tó $300,000, wọ́n á fi kún un títí á fi pé, láti 101 sí 175, $150,000, láti 176 sí 250, $75,000. Ètò náà ní apá kan fún ẹni tó fara pa. Ìyẹn yàtọ̀ sí ipò ààbò, tí ẹni tó bá ti kúrò lórí pápá fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lè béèrè fún: wọ́n á fi ìpíndọ́gba ipò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó fi fara pa ṣe ipò tó lè fi wọ ìdíje nígbà tó bá padà dé. Ó ń ṣílẹ̀kùn ìdíje, kò ní owó nínú, kò sì kan àwọn póìntì tó ti yọ. Ẹni tó bá wà ní ipò 251 lọ sísàlẹ̀ kò sí nínú ètò Baseline yẹn, òun àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé ara wọn.