Báwo la ṣe ń rí Milky Way nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀ la wà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. A sùn sóko lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n Alààyè lópin oṣù kẹta, òjò ti rọ̀ lálẹ́, mo wá jáde síta ní bíi aago mẹ́rin ìdájí, mo rí nǹkan funfun bí èéfín tó tẹ́ gbọọrọ lójú sánmà, kò sì túká. Wọ́n ní Milky Way ni, pé inú ẹ̀ la ń gbé. Báwo la ṣe tún wá ń rí i lókèèrè?

Ìdáhùn: Òun náà ni, àbúrò. Èéfín kọ́, ìràwọ̀ ni gbogbo ẹ̀, wọ́n jìnnà débi pé ojú wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn wá dà pọ̀. Galileo, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi tẹlisikóòpù (awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà) rí i bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1610.

Ti inú ẹ̀ tá a wà yẹn, rántí oko kòkó. Tó o bá dúró láàrin ẹ̀ tó o wo iwájú, wo ẹ̀yìn, wo ẹ̀gbẹ́, igi lẹ́yìn igi ni títí tí ò fi sí àlàfo mọ́, àmọ́ tó o bá gbójú sókè, ewé díẹ̀ ni, ojú ọ̀run ti yọ. Gálásì wa, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Milky Way yìí, náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, oòrùn wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú igi oko náà. Ibi tá a bá ti ń wo gígùn àtẹ ni ìràwọ̀ ti máa ń dí tó fi di ìlà funfun, ibi tá a bá ti wo òkè tàbí ìsàlẹ̀ àtẹ, wọ́n á fọ́nká. Kódà gbogbo ìràwọ̀ tó ò ń fojú lásán rí, ní Èkìtì tàbí níbòmíì, inú gálásì yìí kan náà ni wọ́n wà, ìyẹn ṣì máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ìbéèrè: Ibi dúdú tó wà láàrin funfun náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Eruku ni, ó bo ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń bo òkè Ẹ̀fọ̀n. Apá gúúsù tó ti nípọn jù, ọ̀nà àárín gbùngbùn gálásì nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ máa rin nǹkan bí ọdún 26,000 kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìbéèrè: Ta ló wá jáde lọ ya fótò ẹ̀ tó kún orí fóònù?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó jáde nínú gálásì yìí rí o. Voyager 1, ọkọ̀ òfúrufú tí ò ní èèyàn nínú, tí Amẹ́ríkà rán lọ lọ́dún 1977, ibi tó dé báyìí, ìmọ́lẹ̀ ò lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kó tó débẹ̀. Àwọn tó fi gbogbo gálásì wa hàn láti ìta yẹn kì í ṣe fótò, àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni, látinú wíwọn ibi tí ìràwọ̀ wà, Gaia, ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ tí Yúróòpù rán lọ sójú òfúrufú, nìkan wọn èyí tó ju bílíọ̀nù kan lọ.

Ìbéèrè: Mo ti padà s'Ádó, mi ò rí i mọ́.

Ìdáhùn: Iná ìgboro ló pa á mọ́lẹ̀. Padà sóko ní oṣù kẹrin, ìdájí tí ò sí òṣùpá, má tan fóònù rárá, kí ojú ẹ lo bí ìṣẹ́jú 20 nínú òkùnkùn kó o tó wo gúúsù.