Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò jẹ́ kí àwòrán Ojúde Ọba wọlé

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí régbérégbé tó ní ìkànnì tirẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó àwòrán wọn síbẹ̀, kí àwọn ará tó wà lókè òkun lè rí i. Bí àwòrán bá wá kọ̀ tí kò wọlé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni tolórí-tẹlẹ́mù máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ á jáde sí gbangba, á pààrọ̀ síìmù, á tún ra dátà. Ẹni tó kọ ìkànnì náà á sì ní kó dúró di òru. Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí, nítorí owó gidi ló ń bá a lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kíkọ ìkànnì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Àgọ́-Ìwòyè sì ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àwòrán tí fóònù òde òní ń yà sábà máa ń wúwo ju 2MB lọ. Bí PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń ṣiṣẹ́, ṣe máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nìyí: kò ní gba fáìlì kan tó bá ju 2MB lọ, ìyẹn ni upload_max_filesize, kò sì ní gba fọ́ọ̀mù tí àpapọ̀ ohun inú rẹ̀ bá ju 8MB lọ, ìyẹn ni post_max_size. Nginx, ètò tó máa ń wà níwájú rẹ̀ láti gba ìbéèrè, tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí 1MB péré ni client_max_body_size rẹ̀ bí a kò bá yí i padà. Nítorí náà, ìbéèrè náà ti dé ọ̀dọ̀ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, kí server tó kọ̀ ọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Èyí tó tún ń dani lọ́kàn rú jù ni pé bí fọ́ọ̀mù bá kọjá post_max_size, ńṣe ni PHP á fi $_POST àti $_FILES, níbi tó máa ń kó ọ̀rọ̀ àti fáìlì inú fọ́ọ̀mù sí, sílẹ̀ ní òfìfo, tí ìkànnì yóò fi máa sọ fún ẹni tó ti kọ orúkọ rẹ̀ tán pé kò kọ orúkọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń rí ẹlẹ́rìí ni ọ̀rọ̀ subdomain, ìyẹn àdírẹ́sì mìíràn tó jáde láti ara dómáìnì ìkànnì àgbà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ya subdomain kan sọ́tọ̀ fún àwòrán, tí wọ́n sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí dómáìnì kan náà ló bí i, ohun tó wà fún ìkànnì àgbà ti wà fún un náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí lójú browser, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome. Bí ilé méjì nínú agbo ilé kan ni wọ́n rí, oníkálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kí ìkànnì àgbà tó lè ka èsì tí subdomain fún un, èsì náà gbọ́dọ̀ gbé Access-Control-Allow-Origin dání, ìyẹn àkọlé tó ń fún ìkànnì mìíràn láṣẹ láti kà á. Ẹni tó kọ ọ́ á fi add_header, ìlà tó ń fi àkọlé náà kún èsì, sínú Nginx, á fi àwòrán kékeré dán an wò, yóò wọlé, á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kò mọ̀ pé add_header kì í bá èsì àṣìṣe bíi 413 (ohun tí a fi ránṣẹ́ ti tóbi jù) lọ àfi bí a bá kọ always sí ìparí rẹ̀. Nígbà tí àwòrán ńlá bá dé, Nginx á dá 413 padà láìsí àṣẹ yẹn, browser kò ní jẹ́ kí kóòdù ìkànnì rí èsì náà, axios, irinṣẹ́ tí kóòdù náà fi ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, á sì kọ «Network Error» sójú ìkànnì. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ẹ ṣí ojú ewé Network nínú irinṣẹ́ browser, ẹ ó rí 413 náà níbẹ̀. Bí àwòrán tó jẹ́ 200KB bá ń wọlé tí ti 5MB sì ń kọ̀ lórí síìmù èyíkéyìí, ààlà ni ẹ ń bá jà. PHP fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìdí nínú $_FILES: 1 ni pé fáìlì ju ààlà lọ, 3 ni pé apá kan fáìlì nìkan ló dé. Lóòótọ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa máa ń já, 3 yìí sì ni ẹ̀rí tí a lè fi dá a lẹ́bi.

Nígbà àtúnṣe, inú server block ti subdomain gan-an ni kí ẹ ti gbé client_max_body_size sókè, nítorí èyí tí ẹ bá kọ sínú block ìkànnì àgbà kò kàn án. Ẹ jẹ́ kí post_max_size ju upload_max_filesize lọ, kí ẹ sì reload Nginx àti PHP-FPM (ètò tó ń mú PHP ṣiṣẹ́), kí wọ́n lè ka àyípadà náà. Bí ó bá jẹ́ pé subdomain kò mọ̀ pé ẹni náà ti wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ (login), ẹ wo Domain tó wà lára cookie, ìyẹn àmì kékeré tí browser fi ń rántí ẹni náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, cookie náà kò ní kúrò lórí ìkànnì àgbà. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti mú ààlà kúrò pátápátá, nítorí ẹnì kan ṣoṣo lè fi fáìlì kún inú server. Ó sàn kí JavaScript, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser, dín àwòrán kù nínú fóònù kó tó gbéra, nítorí dátà ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ náà yóò dín kù.